Kì í ṣe bátìrì ló kú: òru kan nínú àgọ́ ní Wasdale

Aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú lóru ni mo jí, ariwo kọ́ ló sì jí mi. Àgọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò jìnnà sí tèmi, mo ti ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú wọn lójú oorun láti ìgbà tí a ti sùn, bí ẹni tó rọra ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ìgò. Ohùn yẹn ló dákẹ́. Ṣàṣà ni ìṣẹ́jú tó kọjá lẹ́yìn náà kí n tó gbọ́ híhanrun tí mo mọ̀ láti kékeré, nígbà tí a jọ ń sùn ní yàrá kan ní Ìbàdàn: á lọ sókè, á lọ sókè sí i, á wá já bí okùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ka dé méjìdínlọ́gbọ̀n kí n tó gbọ́ èémí mìíràn, èémí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí lábẹ́ omi.

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nítorí pé gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ la gbà pé bátìrì ló kú. Bátìrì kò kú. Ká ní mo ra bátìrì tó tóbi ju ìyẹn lọ, gẹ́gẹ́ bí ọkàn mi ṣe kọ́kọ́ wí fún mi, owó ńlá ni ǹ bá ná, ẹ̀rọ náà ì bá sì tún dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Àìsàn tó ń ṣe wọ́n ni èyí tí ọ̀fun fi ń pa dé lójú oorun, tí àwọn dókítà ń pè ní sleep apnoea. Bí oorun bá ti wọra, ẹran ọ̀fun á dẹ̀, á wó lu ọ̀nà atẹ́gùn, èémí á dúró. Ọpọlọ ló máa ń ta wọ́n jí díẹ̀ kí wọ́n lè mí, wọn kì í sì í rántí rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Nígbà tí ilé ìwòsàn yẹ oorun wọn wò, ìgbà 46 ni èyí ń ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí kan. Bó bá ti lé ní 30, èyí tó le ni àwọn dókítà ń kà á sí. Ìyàwó wọn ti sọ tipẹ́ pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n, àwa ará ilé là ń sọ pé àárẹ̀ iṣẹ́ ni. Àwa tó dàgbà sí ilé tí bàbá ẹni ti ń hanrun tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́, a ò ka híhanrun sí àìsàn. Ó dùn mí pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí a tó gbọ́ tiwọn.

Ẹ̀rọ CPAP ni wọ́n fún wọn. Dókítà Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, ní Australia, ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1981. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Atẹ́gùn yàrá lásán ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́ gba inú rọ́bà wọ ìbòmú, agbára atẹ́gùn yẹn ló sì ń gbá ọ̀fun ró kó má baà wó. Sẹ̀ǹtímítà omi ni wọ́n fi ń wọn agbára náà. Ti ẹ̀gbọ́n mi wà lórí 11. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń lò ó, 46 yẹn ti di méjì tàbí mẹ́ta. Oorun tí wọ́n ń sùn nídìí iná pópó, kí ọkọ̀ ẹ̀yìn tó fọn fèrè jí wọn, ti dópin.

Ìdí nìyí tí òru kan ṣoṣo láìsí ẹ̀rọ kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ìlú ọba, ẹni tí àìsàn yìí bá le lára rẹ̀ tó sì ń mú un tòògbé lọ́sàn-án gbọ́dọ̀ fi tó DVLA létí, ìyẹn àjọ tó ń fúnni ní ìwé ìwakọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ wakọ̀ títí ìtọ́jú á fi kápá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló sì wa ọkọ̀ tó gbé ọmọ mẹ́rin wá síbi tí a wà yẹn.

Àfonífojì Wasdale ni, ní Lake District, ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ibẹ̀ ni adágún Wastwater wà, tó jìn ju gbogbo adágún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, ibẹ̀ náà la ti ń gun Scafell Pike, òkè tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mítà 978. Àwọn ọmọ ti ń bẹ̀ wá fún ọdún méjì pé ká pàgọ́ síbẹ̀. Pápá àgbẹ̀ kan la gbà fún alẹ́ mẹ́ta. Omi ẹ̀rọ wà, ilé ìyàgbẹ́ wà, iná mànàmáná kò sí.

Èmi ni mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ iná sílẹ̀ fún mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe iṣẹ́ inverter àti sólà ní Ìbàdàn kí n tó wá sí Manchester, kò sì sí ilé tí NEPA ti mú iná lọ tí n kò lè tàn. Nítorí náà, bí mo ṣe ń ṣe é nílé ni mo ṣe é. Mo ra bátìrì olómi-kíkan, volt 12, Ah (amp-wákàtí) 75. Mo ra inverter kékeré, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di volt 230 bíi ti ògiri, watt 300. Mo fi bátìrì sí búùtù ọkọ̀, nítorí òjò àti nítorí àwọn ọmọ, mo fa wáyà mítà mẹ́jọ láti ibẹ̀ wọ inú àgọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé inverter sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, wọ́n sì ki ẹ̀rọ wọn bọ̀ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá wà nílé. Mo ti ṣe ìṣirò: 75 lọ́nà 12 jẹ́ 900 watt-wákàtí. A kì í lo bátìrì olómi-kíkan kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kó pẹ́, nítorí náà mo ka 450 sí tiwa. Mo rò pé ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ 450 tán lóru kan. N kò wọn ohun tó ń jẹ. Ohun tí n kì í ṣe fún oníbàárà rí nìyẹn, mo wá ṣe é fún ọmọ ìyá mi.

Nígbà tí mo dé àgọ́ wọn lóru yẹn, mo mi ẹsẹ̀ wọn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jí. Ẹ̀rọ ti dákẹ́.” Wọ́n dìde jókòó, wọ́n yọ ìbòmú, wọn ò tíì mọ ibi tí wọ́n wà. Ìyàwó wọn ti tan tọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Ọkọ mi, ohun yìí ti ń ké fíìn-fíìn látìgbà díẹ̀. Mo rò pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.” Iná pupa ń tàn lójú inverter. Mo pa á, mo tún tàn án. Ẹ̀rọ wọn ta jí, ó fẹ́ atẹ́gùn fún bí ìṣẹ́jú kan, inverter ké, gbogbo rẹ̀ tún dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la gbìyànjú. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní, “Lọ sùn. Jẹ́ kí n jókòó.” Wọ́n gbé àga síta, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, èmi náà sì jókòó tì wọ́n. Bí ọrùn wọn bá ti ṣubú sọ́tùn-ún, èémí á já, èmi á fọwọ́ kàn wọ́n. Báyìí la ṣe títí ojú ọ̀run fi là lẹ́yìn òkè.

Láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò bá wa gun òkè. Ojú wọn ti pọ́n, orí ń fọ́ wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mu oògùn oorun. Mo gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn ò bá mi jiyàn. Ìyàwó wọn kó àwọn ọmọ lọ sí etí adágún. Èmi dúró, mo mú mítà tí mo fi ń wọn iná.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo wọ̀n ni bátìrì fúnra rẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ láti rí volt 11 tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀. 12.4 ni mo rí. Ẹni tó bá mọ bátìrì olómi-kíkan á mọ̀ pé èyí tó ti sinmi fún wákàtí mélòó kan tó sì ń fi 12.4 hàn ṣì ní bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀. Mo jókòó sórí koríko, mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi fi hàn lójú rẹ̀ pé wákàtí 3.9 ni wọ́n fi lò ó. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Bátìrì ṣì kún dé ibi tó yẹ kó gbé wọn di ọ̀sán, síbẹ̀ inverter sọ pé ebi ń pa òun.

Mo tan ẹ̀rọ náà bó ṣe wà lóru, mo wá wọn ìhà méjèèjì wáyà. Níbi bátìrì, 12.1. Níbi inverter, 10.4. Volt 1.7 ti sọnù sójú ọ̀nà. Inverter yẹn ní ààlà 10.5 tó jẹ́ pé bí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá ti wá sílẹ̀ ju ìyẹn lọ, á pa ara rẹ̀ kó má baà ba bátìrì jẹ́. Òun kò mọ̀ pé wáyà ló ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Wáyà tí mo fà jẹ́ 1.5 mm² ní ìnípọn, irú èyí tí a fi ń ṣe iná gílóòbù nínú ilé. Ní volt 230 kò sí ohun tó ṣe é. Àmọ́ ní volt 12, agbára kan náà ń fẹ́ amp tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po ogún, mítà mẹ́jọ ní àlọ àti mẹ́jọ ní àbọ̀ sì jẹ́ mítà mẹ́rìndínlógún. Amp mẹ́sàn-án nínú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló gbé volt 1.7 mì. Nígbà tí bátìrì ṣì kún fọ́fọ́ lálẹ́, ohun tó kù ṣì ju ààlà lọ díẹ̀. Nígbà tó di aago méjì àbọ̀ kọjá, bátìrì ti sọ̀ díẹ̀, òtútù ti mú un, ni ó bá bọ́ sábẹ́ ààlà.

Ṣùgbọ́n kí ló ń fa amp mẹ́sàn-án? Ibí ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Ẹ̀rọ yẹn ní ike omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, abẹ́ ike náà ń gbóná, rọ́bà rẹ̀ náà ní wáyà tó ń gbóná nínú, kí atẹ́gùn tó ń wọ imú baà lọ́rinrin kó sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn kò jẹ nǹkan. Ìgbóná ló ń jẹ. Nínú yàrá tó móoru ó ń jẹ níwọ̀n. Nínú àgọ́ tí òtútù wọ̀ gba gbogbo ara rẹ̀, ó ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó ń gbìyànjú láti gbé atẹ́gùn tútù dé ìwọ̀n tí wọ́n yàn fún un. Mo pa ìgbóná méjèèjì lójú ẹ̀rọ náà, mo tún ìhà méjèèjì wáyà wọ̀n: 12.4 níbi bátìrì, 12.1 níbi inverter. Ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko níwájú mi, kò ké.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé bí ìgbóná kò bá sí, ìtọ́jú ṣì jẹ́ ìtọ́jú? Kò sí ìkànnì fóònù ní àfonífojì yẹn. Mo fi ọkọ̀ gbé wọn lọ síbi tí a ti rí ìkànnì, wọ́n pe ilé ìtọ́jú oorun tó fún wọn ní ẹ̀rọ. Ìdáhùn tí wọ́n gbà ni pé agbára atẹ́gùn ni ìtọ́jú; omi àti ìgbóná wà fún ìrọ̀rùn imú àti ọ̀fun. Wọ́n ní wọ́n lè pa á, kí wọ́n lo omi iyọ̀ fún imú bó bá gbẹ, kí wọ́n má sì wakọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo gba ẹnikẹ́ni tó ń lo ẹ̀rọ yìí níyànjú láti bi ilé ìtọ́jú tirẹ̀ ní ìbéèrè kan náà kó tó fi ilé sílẹ̀, kì í ṣe nígbà tó bá ti wà lórí òkè.

Alẹ́ kejì, mo gbé bátìrì wá sẹ́yìn àgọ́, mo fi àpótí ike bò ó, wáyà kò ju mítà kan lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sùn láti aago mẹ́wàá àbọ̀ títí di aago mẹ́fà. Lọ́jọ́ kẹta, ilé oúnjẹ kan nítòsí gbà wá láyè láti fi bátìrì sórí ṣáàjì fún wákàtí díẹ̀, alẹ́ kẹta sì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. A padà sílé, èmi ni mo wakọ̀.

Ní Manchester, mo mú mítà kékeré tí wọ́n ń fi há àárín ẹ̀rọ àti ògiri, mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n bá tan ìgbóná méjèèjì, òru kan ń jẹ nǹkan bí 290 watt-wákàtí, nínú yàrá tó móoru ni o. Bí wọ́n bá pa wọ́n, 70. Ìlọ́po mẹ́rin! Ká ní mo ti ṣe ọ̀sẹ̀ kan yìí kí n tó ná kọ́bọ̀, à bá má jókòó sínú òtútù.

Ohun kejì tí mo yí padà ni inverter. Ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi, AirSense 10, volt 24 ni inú rẹ̀ ń jẹ. Àpótí dúdú kékeré tó wà lára wáyà rẹ̀ ló ń sọ 230 ògiri di 24. Nítorí náà, ohun tí mo ṣe ní Wasdale ni pé mo sọ 12 di 230, mo tún sọ 230 di 24. Ó dà bí ẹni tó pọn omi lódò, tó rù ú gun òkè, tó tún wá rù ú sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilé tó wà létí odò náà, tí omi ń dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́nà méjèèjì. Inverter fúnra rẹ̀ sì ń jẹun bó tilẹ̀ wà lásán. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ní kọnfátà tó ń gba 12 bátìrì tó ń sọ ọ́ di 24 tààrà. Òun ni mo rà. Ẹ yẹ ìdí ẹ̀rọ tiyín wò kí ẹ tó ra ohunkóhun, nítorí àwọn kan ń jẹ 12, ẹ má sì fi kọnfátà ẹ̀rọ kan sí òmíràn.

Bátìrì lithium, irú èyí tí wọ́n ń pè ní LiFePO4, ni mo fi rọ́pò ti àkọ́kọ́. Volt 12.8, Ah 50: 640 watt-wákàtí. Ah rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n a lè lò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láìba ojú rẹ̀ jẹ́, kò sì wúwo. Wáyà tó nípọn, kò ju mítà kan àbọ̀ lọ, fíúùsì lára rẹ̀ lẹ́bàá orí bátìrì. Ẹni tó bá ń pàgọ́ ní ìgbà òtútù kí ó mọ̀ pé a kì í ṣáàjì irú bátìrì yìí bí òun fúnra rẹ̀ bá tutù ju òdo lọ. Ó ń bà á jẹ́.

Àwọn ará ilé bi mí pé ṣe bí jẹnẹrétọ̀ kékeré ì bá rọrùn. Rárá. N kò ní gbà á fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa tó ti gbé Nàìjíríà la mọ ìdílé kan tàbí òmíràn tí èéfín jẹnẹrétọ̀ pa mọ́jú. Àgọ́ kò yàtọ̀ sí yàrá, ilẹ̀kùn àgọ́ náà kò yàtọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín yẹn (carbon monoxide) kò ní òórùn, ẹni tó ti sùn kò sì ní mọ̀ ọ́n. Bákan náà ni fífi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí iná lóru lẹ́bàá àgọ́, bákan náà sì ni gbígbé èédú tó ṣì ń pọ́n wọlé nítorí òtútù.

Ní oṣù Kejìlá, ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Ìbàdàn. Wọn ò lè gbé bátìrì yẹn wọ bàálù: bí bátìrì lithium bá kọjá 100 watt-wákàtí, ọkọ̀ òfuurufú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, bó bá sì kọjá 160, kò wọlé rárá. Kọnfátà nìkan ni wọ́n mú lọ. Bátìrì inverter ilé bàbá wa jẹ́ méjì tí a so pọ̀ di volt 24, kọnfátà náà sì ń gba 12 àti 24. Ọyẹ́ ti dé, imú wọn gbẹ. Mo sọ fún wọn lórí fóònù pé kí wọ́n bu omi sínú ike láìtan ìgbóná: atẹ́gùn tó bá kọjá lójú omi á gbé díẹ̀ nínú ọ̀rinrin rẹ̀. Nínú ooru Ìbàdàn, díẹ̀ yẹn tó wọn.

Oṣù karùn-ún ọdún 2024 la padà sí Wasdale, pápá kan náà, alẹ́ mẹ́rin. Mo tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì sólà watt 100 sórí koríko. Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ láti àárọ̀, 110 watt-wákàtí péré ló mú wá. Lọ́jọ́ tí oòrùn ràn, ó lé ní 300. Ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ bí 85 lóru kan, nítorí náà ọjọ́ òjò gan-an borí rẹ̀. Lóru àkọ́kọ́, mo jí láago méjì kọjá, láìsí ẹni tó jí mi. Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn atẹ́gùn yẹn nínú àgọ́ kejì títí mo fi sùn padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi jáde wá pẹ̀lú mítà lọ́wọ́. Wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Wọ́n ka 13.2 sókè fún mi, wọ́n ka ohun tí ojú ẹ̀rọ kọ: wákàtí 7.4, ìgbà 2.1 láàárín wákàtí kan. Wọ́n fi mítà sínú àpò, wọ́n wọ bàtà òkè wọn, wọ́n ní kí n jí àwọn ọmọ, pé Scafell Pike ń dúró de àwọn láti ọdún tó kọjá.